Tábà Kì Í Ṣe Oúnjẹ: Ìtàn Tábà Inú Ẹnu, Ebi, àti Àwọn Ọ̀dọ́langba

Nígbà tí ó kàn mí láti sọ ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba ti Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìtàn ní ọdún yìí, ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi rò pé ọ̀rọ̀ ogun tàbí ọ̀rọ̀ oyè ni n óò sọ. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan ni mo yàn, ohun tí kò kún àtẹ́lẹwọ́: tábà tí a kì í fi iná sí, tí àwọn kan ń fín sí imú, tí àwọn kan ń rún lẹ́nu, tí àwọn mìíràn sì ń kì bọ abẹ́ ètè. Mo fẹ́ kí a wo ohun tí ó pa tábà yìí àti oúnjẹ pọ̀ nínú ìtàn, kí a sì wo bí ó ṣe ti ọwọ́ àwọn arúgbó bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́langba.

Ohun méjì ni ó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí a gbé tọ́ mi dàgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi ní agolo kékeré kan tí ó ń kó aáṣáà sí, etí ìró rẹ̀ ni ó sì máa ń so ó mọ́. Ní àkókò tí iṣu èṣí bá ti tán nínú àká, tí tuntun kò sì tíì jáde, yóò bu ọkà fún àwa ọmọ, òun fúnra rẹ̀ yóò lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò fi ìka méjì bu aáṣáà, yóò sì kì í bọ abẹ́ ètè ìsàlẹ̀. Bí mo bá bi í pé, “Ìyá àgbà, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ kò ní jẹun ni?”, yóò dá mi lóhùn pé, “Mo ti jẹ, ọkọ mi.” Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò tíì jẹ nǹkan kan.

Èkejì kò tíì pẹ́ púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá rí mi ní ọ́fíìsì nítorí iṣẹ́ rẹ̀ tí kò parí. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, mo rí àpò funfun tín-ín-rín kan lábẹ́ ètè rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tí ó jẹ́. Ó ní kì í ṣe tábà, níkótíìnì nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ń ta sánsán bí míǹtì. Ó ní ó ń jẹ́ kí òun lè kàwé di ọ̀gànjọ́ òru, ebi kì í sì í yọ òun lẹ́nu. Owó oúnjẹ ti wọ́n jù, nítorí náà òun a máa fi í rọ́pò oúnjẹ ọ̀sán. Mo wo ojú rẹ̀, ìyá bàbá mi ni mo rántí.

Àwọn baba wa sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́yìn lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀, àyè oúnjẹ ni tábà inú ẹnu ti ń gbà. Ó ń pa ebi lẹ́nu mọ́, ó sì ń fi adùn oúnjẹ bo ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe é bí kò bá kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọmọ náà jẹ.

Ewé tí ń pa ebi lẹ́nu mọ́

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà ti wá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń lò ó níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wọn. Ní ọdún 1571, oníṣègùn kan ní ìlú Seville ní ilẹ̀ Sípéènì, Nicolás Monardes, tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn ewé àti egbò tí ó ń ti ilẹ̀ tuntun náà wá. Òun fúnra rẹ̀ kò dé Amẹ́ríkà rí. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó dé ibẹ̀ ni ó kó jọ. Ó kọ ọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ a máa jó ìkarahun inú omi, wọn a lọ̀ ọ́ kúnná, wọn a pò ó mọ́ ewé tábà tí wọ́n ti fi ẹnu rún, wọn a sì ṣù ú ní wóróbótó bí ẹyọ ẹ̀wà. Bí ìrìn àjò bá gbé wọn gba aginjù tí kò sí oúnjẹ tí kò sì sí omi, wọn a fi ẹyọ kan sí àárín ètè ìsàlẹ̀ àti eyín, wọn a máa fa omi rẹ̀ mu bí wọ́n ti ń lọ. Báyìí ni wọ́n fi ń rìn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìjẹ, láìmu.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ yìí, nítorí ohun méjì ni ó fi hàn wá. Èkíní ni ìlò ìkarahun jíjó. Nígbà tí nǹkan bí ẹfun, eérú tàbí káún bá pò mọ́ ewé tábà, ó ń tú níkótíìnì tí ó wà nínú ewé sílẹ̀, kí ó lè gba awọ ẹnu kọjá wọ inú ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Ìkarahun ni àwọn ará Amẹ́ríkà lò. Ẹfun ni àwọn ará Íńdíà ń pò mọ́ tiwọn. Ohun tí ó dàbí káún ni àwọn ará Sudan ń fi sí èyí tí wọ́n ń pè ní toombak. Káún gan-an ni ó sì wà nínú aáṣáà tiwa. Ọgbọ́n kan náà ni ní ibi gbogbo.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ebi. Ohun tí Monardes kọ kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale fi hàn, nípa ìwádìí tí wọ́n ṣe lára eku, pé níkótíìnì ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ fún ara pé ó ti yó. Kò sí ohunkóhun nínú ikùn, ṣùgbọ́n ọpọlọ ti gba ìròyìn pé a ti jẹun. Ẹ ó rí i pé irọ́ ni ewé náà ń pa fún ara. Fún ẹni tí ó ń la aginjù kọjá, irọ́ náà lè wúlò fún ọjọ́ mẹ́ta. Fún ọmọ tí egungun àti ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà, tí ó sì ń gbọ́ irọ́ náà lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Adùn tí a fi ra ènìyàn

Bí tábà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ìtàn tí ó dùn láti gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni adùn gan-an ni ó gbé e wá. Fún apá yìí, gbèsè ni gbogbo wa jẹ Pierre Verger, tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ sí Fátúmbí. Ní ọdún 1964 ni a tẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde ní Ìbàdàn lórí òwò tí ó wà láàrin Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì àti etíkun tiwa. Ó fi hàn kedere pé tábà ni òpó tí òwò náà dúró lé.

Bí ó ṣe rí ni yìí. Àwọn Potogí tí ó ń ṣàkóso Bràsíìlì pàṣẹ pé tábà tí ó dára jù, èyí tí ó jẹ́ ìpele kìíní àti ìkejì, Lisbon ni kí a máa kó o lọ. Èyí tí ó ṣẹ́kù, ìpele kẹta, tí ewé rẹ̀ kéré tí ó sì ti já, kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ ní Yúróòpù. Àwọn oníṣòwò Bàhíà wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n lọ́ ọ bí okùn nínípọn, wọ́n sì fi omi ìrèké tí a ti sè títí tí ó fi dúdú tí ó sì ń fà bí oyin kùn ún lára dáadáa kí ó má baà gbẹ. Ohun tí wọ́n fi pa àléébù rẹ̀ mọ́ ni ó wá di iyì rẹ̀. Òórùn dídùn rẹ̀ àti adùn rẹ̀ mú kí àwọn ará etíkun wa fẹ́ ẹ ju tábà mìíràn lọ.

Ìfẹ́ yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yí òfin òkun padà. Àwọn ará Họ́lándì ti gba odi Elmina lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọdún 1637, wọ́n sì ń lé ọkọ̀ Potogí kúrò ní etíkun. Síbẹ̀, wọ́n gba àwọn ará Bàhíà láyè láti máa tajà ní èbúté mẹ́rin, ní Pópó, ní Ouidah, ní Jakin àti ní Apá, bí wọ́n bá ti lè san ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹrù wọn ní Elmina, bí ẹrù náà bá sì jẹ́ tábà nìkan. Lẹ́yìn náà ni òwò náà tàn dé Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó. Kí ni wọ́n ń fi tábà náà rà? Ènìyàn ni. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ, títí wọ inú ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a kó láti àwọn èbúté wọ̀nyí lọ sí Bàhíà, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kó lọ sí oko ìrèké àti oko tábà. A lè sọ nígbà náà pé àwọn tí a fi adùn rà ni a tún mú lọ ṣiṣẹ́ níbi tí a gbé ń ṣe adùn náà.

Èmi kò sọ èyí láti dá àwọn baba ńlá wa lẹ́bi pé wọ́n fẹ́ tábà. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé dída nǹkan dídùn pọ̀ mọ́ tábà kí ó lè tà kì í ṣe ọgbọ́n àná. Ó ti lé ní 300 ọdún, etíkun wa sì wà lára ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i bí ó ti ń ṣiṣẹ́ tó.

Aáṣáà láàrin wa

Nígbà tí òwò ẹrú ti dópin, tábà kò bá a lọ. Ó ti di ara wa. A gbìn ín sí oko, a sá ewé rẹ̀ gbẹ, a lọ̀ ọ́ pẹ̀lú káún, ó sì di aáṣáà. Ní ìgbà èwe mi, àwọn àgbà ni ó ń lò ó. Bàbá arúgbó a fín in sí imú, a sì sín. Ìyá arúgbó a kì í bọ ètè. Bí àlejò bá dé, a lè nawọ́ agolo sí i lẹ́yìn tí a bá ti bu omi fún un. Ọmọdé tí a bá rán lọ rà á, rírà nìkan ni tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

Èmi tọ́ ọ wò. Mo ń lọ sí ọmọ ọdún 11 nígbà náà. Ebi ń pa mí, mo sì ti rí i pé bí Ìyá àgbà bá ti fi sí ẹnu, kì í sọ̀rọ̀ ebi mọ́. Mo bu èyí tí ó pọ̀. Láìpẹ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí mí po, mo bì, òógùn tútù sì bò mí. Ìyá àgbà bu omi sí mi lórí, ó fún mi ní ẹ̀kọ tútù mu, kò nà mí. Gbólóhùn kan ni ó sọ: “Kì í ṣe oúnjẹ, ọkọ mi.” Èmi kò bi í léèrè ìdí tí òun fi ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín yóò wí pé ìyá òun náà lo aáṣáà, ó sì gbó, ó tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá àgbà náà rí: ó pẹ́ láyé, kò sì sí àrùn ẹnu kan tí mo mọ̀ pé ó pa á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá kọjá lójú títì ni ọkọ̀ ń gbá. Síbẹ̀ a kì í kọ́ ọmọ pé kí ó máa ṣeré lójú títì. Ohun kan tún wà tí ó dáàbò bò wá nígbà náà: aáṣáà korò, ó ń ta, ó ń mú ni sín. Ọmọdé tí ó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ padà síbẹ̀. Odi ni ìkorò náà jẹ́ láàrin ọmọdé àti tábà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ báyìí ni ti bí a ṣe wó odi náà ní ilẹ̀ mìíràn.

Bí ó ṣe ti ọwọ́ arúgbó bọ́ sí ọwọ́ ọmọ

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, títí di ọdún 1970, àwọn tí ó ń lo aáṣáà jù lọ ni àwọn ọkùnrin tí ó ti dàgbà. Ẹni tí ó bá rí bí ọjà náà ti ń dín kù yóò rò pé yóò bá àwọn oníbàárà rẹ̀ wọ sàréè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin ọdún 1970 sí 1986, iye àwọn ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 17 sí 19 tí ó ń lo aáṣáà di ìlọ́po 15. Iye àwọn tí ó ń rún tábà lẹ́nu láàrin wọn sì ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Láàrin ọdún díẹ̀, ohun tí a mọ̀ mọ́ bàbá àgbà ti di ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń kó sápò lọ sí ilé-ìwé.

Kí ni ó fà á? Èkíní, òfin lé sìgá kúrò lórí rédíò àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, ṣùgbọ́n òfin náà kò mẹ́nu kan aáṣáà. Nítorí náà, ìpolówó aáṣáà ń lọ lórí amóhùnmáwòrán fún ọdún 15 lẹ́yìn náà, àwọn gbajúmọ̀ eléré ìdárayá sì ni ó ń polówó rẹ̀. Èkejì, ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú òwò náà, United States Tobacco, ṣe àwọn oríṣi tí níkótíìnì wọn kò le, tí a fi èso ṣẹ́rì tàbí míǹtì sí, tí a sì dì sínú àpò kékeré kí ó má baà tú sí ẹnu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò. Àwọn ìwé ilé-iṣẹ́ náà tí ó jáde ní ilé ẹjọ́ fi hàn pé àtẹ̀gùn ni èyí jẹ́: kí ẹni tuntun bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó dùn tí ó sì fẹ́rẹ̀, kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé orí èyí tí ó le. A sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbà yunifásítì.

Adùn àti tábà wá súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti yà wọ́n. Ní ọdún 1980, ṣingọ́ọ̀mù kan jáde tí a gé wẹ́wẹ́ bí ewé tábà, tí a sì dì sínú irú àpò tí a fi ń di tábà. Àwọn eléré bésíbọ́ọ̀lù ni ó ronú kàn án, èrò wọn sì dára: wọ́n fẹ́ ohun tí eléré lè máa jẹ dípò tábà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké ni ó rà á jù, wọ́n sì ń fi í kọ́ ìṣe àwọn àgbà eléré tí tábà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

Orúkọ ọmọ kan kò lè ṣàìwọ inú ìtàn yìí. Sean Marsee jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Oklahoma, asáré ìje ni, ó sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì ẹ̀yẹ ní ilé-ìwé rẹ̀. Kò mu sìgá, kò mu ọtí, ó sì ń ṣọ́ ohun tí ó ń jẹ nítorí eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún 12 ni ó ti ń fi aáṣáà sí ẹnu. Ní ọmọ ọdún 18, àrùn jẹjẹrẹ yọ ní ahọ́n rẹ̀. A ṣe iṣẹ́ abẹ fún un léraléra. Ní oṣù kejì ọdún 1984 ó kú, ọmọ ọdún 19. Ìyá rẹ̀, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 1986 ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá ilé-iṣẹ́ láre. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, dókítà àgbà fún ìjọba Amẹ́ríkà, C. Everett Koop, gbé ìròyìn kan jáde tí ó sọ gbangba pé tábà tí a kì í fi iná sí lè fa àrùn jẹjẹrẹ, ó sì lè di bárakú. Òfin jáde ní ọdún náà pé kí a kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀, kí ìpolówó rẹ̀ sì kúrò lórí rédíò àti amóhùnmáwòrán.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí tí kì í jẹ́ kí n sùn. Ó ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀. Kò ka ohun tí ó wà lábẹ́ ètè rẹ̀ kún ohun tí ó ń jẹ.

Ohun tí ó ń ṣe sí oúnjẹ ọmọ

Ẹ jẹ́ kí a wá ka oúnjẹ àti tábà pọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni tábà inú ẹnu fi ń ba oúnjẹ ọmọ jẹ́.

Èkíní ni ti ebi tí mo ti sọ. Àwọn tí ó ń ta tábà mọ èyí ṣáájú àwọn onímọ̀ Yale. Ní ọdún 1928, ìpolówó sìgá Lucky Strike ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn obìnrin níyànjú pé kí wọ́n mú sìgá dípò nǹkan dídùn, kí wọ́n má baà sanra. Inú bí àwọn tí ń ta súìtì gidigidi. Sìgá ni èyí, kì í ṣe aáṣáà, ṣùgbọ́n níkótíìnì kan náà ni. Títí di òní, ọmọbìnrin tí ó ń bẹ̀rù àtisanra àti ọmọkùnrin tí kò ní owó oúnjẹ lè gba ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ìdí agolo kan náà.

Èkejì ni ti ṣúgà. Tábà tí a ń rún lẹ́nu ní Amẹ́ríkà kún fún ṣúgà, ẹni tí ó ń lò ó sì lè fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ó bá ń jókòó sí lójoojúmọ́, èrìgì ibẹ̀ a máa sún kúrò lára eyín, ṣúgà a sì ráyè dé gbòǹgbò eyín tí kò ní ààbò. Ẹni tí eyín bá ń dùn kì í jẹ ohun líle. Ẹ̀kọ àti búrẹ́dì rírọ̀ ni yóò máa wá kiri.

Ẹ̀kẹta ni ti èso àti ẹ̀fọ́. Ní ọdún 1981, Deborah Winn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin ìpínlẹ̀ North Carolina, níbi tí àwọn obìnrin ti ń lo aáṣáà láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n rí i pé láàrin àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun tí kò mu sìgá, ewu àrùn jẹjẹrẹ ẹnu fún ẹni tí ó ń lo aáṣáà jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tí kì í lò ó. Ní ọdún 1984, wọ́n tún gbé èkejì jáde láti inú ìwádìí kan náà, lórí oúnjẹ: àwọn tí ó ń jẹ èso àti ẹ̀fọ́ púpọ̀ kò wà nínú ewu náà tó àwọn tí kì í jẹ wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọsàn tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lè wẹ aáṣáà nù. Ohun tí ó yẹ kí a rí fà yọ ni pé ọmọ tí kò jẹun dáadáa tí ó sì ń lo tábà, ìhà méjì ni ewu ti ń wọlé tọ̀ ọ́.

Òfin àti oúnjẹ

Nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í le ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan náà ré kọjá sí Yúróòpù. Ní ọdún 1985 ó ní ilé-iṣẹ́ ní East Kilbride ní Skọ́tílándì, owó ìrànwọ́ ìjọba sì wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà pariwo, ìjọba Bìrìtìkó sì ṣe òfin ní ọdún 1989 láti fòpin sí títa aáṣáà inú ẹnu. Ilé-iṣẹ́ náà gba ilé ẹjọ́ lọ, ó sì jàre nítorí pé ìjọba kò tẹ́tí sí i bí ó ti yẹ kí ó tó ṣòfin. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1992 a tún òfin náà ṣe, gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ Yúróòpù sì fòfin dè é ní ọdún kan náà. Sweden nìkan ni a yọ̀ǹda fún nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ ní ọdún 1995.

Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣe òfin ńlá kan ní ọdún 2009. Ó ka adùn èso àti súìtì léèwọ̀ nínú sìgá, ṣùgbọ́n kò kà á léèwọ̀ nínú aáṣáà. Bí ó ti rí ní ọdún 1971 ni ó tún rí: a ti ilẹ̀kùn, a gbàgbé fèrèsé.

Ọgbọ́n tí ó wù mí jù lọ, ilẹ̀ Íńdíà ni mo ti rí i. Níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń ra gutkha, tábà tí a pò mọ́ èso igi areca, ẹfun àti adùn, nínú àpò pélébé tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní àrùn kan tí èso areca yẹn ń fà, tí awọ inú ẹnu fi ń le díẹ̀díẹ̀: ata a kọ́kọ́ máa ta wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, lẹ́yìn náà ẹnu kò ní lè là dáadáa mọ́, oúnjẹ a sì di ìṣòro. Òfin oúnjẹ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 sọ pé tábà àti níkótíìnì kò gbọdọ̀ sí nínú ohunkóhun tí a ń pè ní oúnjẹ. Ní ọdún 2012, ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh fi òfin yìí mú gutkha: bí ó bá ń dùn bí oúnjẹ, bí a bá ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, kí a fi òfin oúnjẹ dá a lẹ́jọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Títà ní ìkọ̀kọ̀ kò tán, ṣùgbọ́n òfin náà ti sọ ohun tí Ìyá àgbà sọ fún mi.

Àwa ńkọ́? Ìwádìí tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2012 fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn tí ó tó ọmọ ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí 19 ni ó ń lo tábà tí a kì í fi iná sí. Iye náà kò pọ̀. Òfin ìkáwọ́ tábà ti ọdún 2015 sì ka títa tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀. Ẹni tí ó bá wo èyí nìkan lè sọ pé kí a lọ sùn. Ṣùgbọ́n iye kékeré náà ni ó wà ní Amẹ́ríkà láàrin àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 1970. Àpò funfun tí ó sì wà lábẹ́ ètè akẹ́kọ̀ọ́ mi kò korò, kò ń ta, kò mú un sín. Odi ìkorò tí ó gbà mí là ní ọmọ ọdún 11 kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìparí

Mo jẹ́ òpìtàn, n kò jẹ́ dókítà, n kò sì jẹ́ aṣòfin. Ohun tí òpìtàn lè ṣe ni láti fi ọ̀nà tí a gbà dé ibi tí a wà han ni. Ọ̀nà náà nìyí: ewé tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń tan ebi jẹ, adùn ìrèké tí a fi kùn ún láti fi ra ènìyàn ní etíkun wa, èso ṣẹ́rì tí a fi fa ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà, míǹtì tí ó wà lẹ́nu ọmọ tiwa. Ní gbogbo ibi tí ó gbà kọjá, ó wọ aṣọ oúnjẹ.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ jà, kí a má ṣe fi ìkìlọ̀ nìkan jà. A sọ ní ilẹ̀ wa pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ṣe é fún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 14, tí ara rẹ̀ ń béèrè oúnjẹ ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé, kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ yunifásítì kò sí nínú rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin aláṣẹ ọgbà yìí pé kí ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tí apá akẹ́kọ̀ọ́ lè ká wà láàrin wa. Mo bẹ ẹ̀yin òbí pé bí ẹ bá rí àpò funfun náà lọ́wọ́ ọmọ yín, kí ẹ tó bínú, ẹ bi í léèrè ìgbà tí ó jẹun kẹ́yìn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ọjọ́ tí mo sọ fún yín yẹn, mo mú akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ sí búkà tí ó wà lẹ́yìn ọgbà. Ó yọ àpò náà kúrò lẹ́nu, ó fi bébà wé e, ó sì jẹ ọkà abọ́ méjì láìgbé orí sókè. Èmi kò ní purọ́ fún yín pé ó fi ohun náà sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kò fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìrọ̀lẹ́ kan, òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi, kò rántí rẹ̀.